Ihò dúdú kì í kàn gbé nǹkan mì

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ ọ́ láìpẹ́ yìí pé gbogbo ohun tó bá wà nítòsí ihò dúdú òfuurufú (black hole) ló máa ń fà wọlé. Ihò dúdú ni ohun tí òòfà rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra, le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí ń já àwọn ọmọ láyà, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní S2. Ihò dúdú tó wà láàárín gbùngbùn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wa, tó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 4, ni ìràwọ̀ yìí ń yí po. Ọdún 16 ló fi ń yí i lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó sún mọ́ ọn jù lọ lóṣù karùn-ún ọdún 2018, eré tó ń sá ju kìlómítà 7,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yà á kọjá, ó bá tirẹ̀ lọ. Bí ihò dúdú tó wúwo tó oòrùn bá rọ́pò oòrùn lónìí, òtútù ni yóò pa wá. Ayé yóò ṣì máa tọ ọ̀nà rẹ̀. Inú nǹkan bíi kìlómítà 9 sí àárín rẹ̀ ni ohun kékeré ò ti ní lè dúró lójú ìyípo mọ́, bí ihò náà kò bá fúnra rẹ̀ pòòyì.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi fi kọ̀ǹpútà ṣírò ìrìn ohun tó ń yí ihò dúdú po. Nígbà tí wọ́n lo òfin òòfà ti Newton nìkan, ìlà náà ń padà bá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ti Einstein kún un, kò pàdé mọ́: ìyípo kọ̀ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀ síwájú, títí àwòrán náà fi dà bí òdòdó. Ariwo sọ! Irú yíyẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ní Chile rí lára S2, tí wọ́n kéde ní 2020.

Ibi tó le kù. Ohun kékeré tó ń yí ihò dúdú ńlá po nítòsí ní òòfà tirẹ̀, ó sì ń tú agbára dànù bí ìgbì òòfà, nítorí náà ló ṣe ń sún wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó lè yí po tó ìgbà 100,000 kó tó já sínú. Àṣìṣe bíńtín nínú ìṣirò yóò ti di ńlá nígbà náà. Irú ìgbì yìí ni LISA, ẹ̀rọ tí ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ gbé lọ sófuurufú ní 2035, yóò máa dẹ́tí sí. Àwọn ọmọ wa ti lè bá wọn ṣírò rẹ̀ nígbà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìdajì ojú ìwé kan. Èmi yóò fi àwòrán àwọn ọmọ náà ránṣẹ́, pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀ ní Yorùbá.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì kan, Ìjẹ̀bú-Òde