Wíìgì Lọ́yà Kì í Ṣe Ewú Àgbà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n tún ń sọ lórí rédíò pé wíìgì funfun tí àwọn lọ́yà ń dé dúró fún ewú, pé ọgbọ́n àgbà ló ń tọ́ka sí. Irọ́ ni! Orí pípá, kòkòrò iná orí àti fáàrí ọba ló bí i.

Louis Kẹtàlá, ọba ilẹ̀ Faransé, ni irun ń re lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé wíìgì ní nǹkan bí ọdún 1624. Ọmọ rẹ̀, Louis Kẹrìnlá, gbé e débi pé ìjòyè kankan kò fẹ́ jáde láìdé e. Nígbà tí Charles Kejì padà sílé wá jọba ní England lọ́dún 1660, àṣà náà bá a wọlé. Àrùn sífílísì wà níta nígbà náà, ó ń jẹ irun orí èèyàn lójú kan lójú kan bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀. Ta ni kò ní fẹ́ bò ó? Iná orí náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá fá orí kodoro, tó dé wíìgì lé e, oníwíìgì ló máa bá a bọ wíìgì nínú omi gbígbóná, iná á sì kú.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ wá bá mi wá ọgbọ́n àgbà níbẹ̀. Irun èèyàn, ti ẹṣin tàbí ti ewúrẹ́ ni wọ́n ń wé mọ́ amọ̀ sísun tó rí bí ìka ọwọ́. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a kó gbẹ, wọ́n á fi ìwé wé e, wọ́n á fi ìyẹ̀fun pípò bò ó, ó di inú ààrò oníbúrẹ́dì. Ìgbà tó bá ti ká tán ni wọ́n á hun ún mọ́ òwú ṣẹ́dà, kí wọ́n tó rán an mọ́ àwọ̀n. Páúdà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di funfun ńkọ́? Sítáàṣì àlìkámà ni. Páúdà kì í lẹ̀ mọ́ irun gbígbẹ, nítorí náà ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti àgùntàn tí wọ́n fi kànáfùrù sí ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi ra á, kí wọ́n tó fi ẹwìrì kékeré fẹ́ páúdà lé e. Ẹni tó jókòó á da aṣọ bora, á fi ìwé tí wọ́n ká bí àrọ bo ojú àti imú. Bí wọn kò bá jọ páúdà dáadáa, á dì gbà-gì. Bí ọ̀rá bá pẹ́, á kan, á máa rùn. Irun funfun gidi ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga. Páúdà ló ń jẹ́ kí irun yòówù jọ ọ́.

Lọ́dún 1795, nígbà tí àlìkámà wọ́n, ìjọba William Pitt, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bu owó orí gíní kan (owó wúrà wọn) lọ́dún fún ẹni tó bá ń lo páúdà. Ọ̀pọ̀ èèyàn bá jáwọ́. Àwọn adájọ́ àti lọ́yà ni kò jáwọ́. Lọ́dún 1822, Humphrey Ravenscroft ní London gbé wíìgì irun ẹṣin funfun jáde, tí ìká rẹ̀ kì í tú, tí kò fẹ́ ọ̀rá tàbí páúdà. Irú èyí ni wọ́n ń dé nílẹ̀ wa títí dòní. Irun ẹṣin ni, kì í ṣe ewú!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin aṣọ kóòtù, ẹ ní àṣà ni. Àṣà ta ni? Ní England tó ni ín, láti ọdún 2008 ni àwọn adájọ́ ti bọ́ ọ kúrò nínú ẹjọ́ owó, ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ìdílé, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹjọ́ ọ̀daràn. Àwa ńkọ́? Iná ọba lọ, fáànù kú, lọ́yà ń làágùn lábẹ́ irun ẹṣin tí kò ṣe é fi ọṣẹ fọ̀ bí aṣọ. Òógùn ń gbẹ sínú rẹ̀, ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí àwọn kóòtù gíga wa bọ́ wíìgì kúrò nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹjọ́ ìgbéyàwó àti ti ọmọ, níbi tí ọmọdé ti ń wá jẹ́rìí, kí ó tó kan ẹjọ́ ilẹ̀ àti gbèsè. Kí aṣọ dúdú àti aṣọ ọrùn funfun wà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ti tó láti fi dá lọ́yà mọ̀. Kí wíìgì ńlá tó ń balẹ̀ dé èjìká máa jáde lọ́jọ́ àjọ̀dún nìkan. Ẹni tó bá ní ọlá kóòtù á dínkù, kó lọ sí kóòtù májísíréètì: wọn kì í dé e níbẹ̀, ìdájọ́ sì ń jáde lójoojúmọ́.

Kí àwọn oníròyìn máa béèrè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Kí wọ́n sì gbé wíìgì kan sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n kọ ọ́ sídìí rẹ̀ gàdàgbà pé irun ẹṣin ni.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.