Ẹ Dá Katakata Dúró Lórí Òkè Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ kú làálàá ìlú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè fún ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí láti ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ti fi katakata ba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wa jẹ́ ló ti ń jẹ mí lọ́kàn, ibi tí mo sì gbé e lọ, wọn ò dá mi lóhùn.

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni mí nílùú Òṣogbo yìí. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe Màrúwá, kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lẹ táyà, tí mo ń pààrọ̀ ṣéènì, ọwọ́ bàbá mi ni mo sì ti kọ́ ọ. Bàbá mi ní Raleigh dúdú kan tó fi ń ru iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti oko, ọ̀nà tó sì ń gbà nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ òkè kan lẹ́yìn ìlú ló gbà kọjá. Ọ̀nà tóóró ni. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ru ẹrù, ẹ ní láti yà sínú koríko kó tó lè kọjá. Nígbà tí ọ̀kadà pọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, igbó bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀.

Òun ni èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan là padà. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko la fi ṣe é, kò sẹ́ni tó fún wa ní kọ́bọ̀. Sátidé Sátidé, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí a ti ń gun òkè náà lọ, tàwa tàdá, tàwa tọkọ́. A ò gé igi ńlá kankan. Ibi tí igi bá dúró sí, ọ̀nà ló ń yà fún un. Níbi tí omi òjò ti ń gba àárín ọ̀nà kọjá, a kan pákó lé e lórí ní afárá. Ẹ̀yìn náà la tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, irú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tí eyín táyà rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, tí irin iwájú rẹ̀ sì ń rọ̀ wọlé bó bá ko kòtò. Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn, ọwọ́ èmi yìí ni mo fi tún wọn ṣe. Àwa mẹ́rìnlá là ń gùn ún.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ni ìjọba ìbílẹ̀ rán katakata síbẹ̀. N ò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́, torí n ò kọ̀wé láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Àwọn tó ṣe é mọ ara wọn. Wọn ò lẹ ìwé mọ́ ibì kankan, wọn ò ránṣẹ́ sí wa, bẹ́ẹ̀ ni baálẹ̀ àdúgbò ò gbọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló sáré wá pè mí. Kí n tó dé ibẹ̀, wọ́n ti ṣe tán, wọ́n ti lọ. Wọ́n ti fi katakata gbá ilẹ̀ náà láti orí òkè wá sísàlẹ̀ ní tààrà, ó fẹ̀ débi tí mọ́tò méjì lè fi pàdé níbẹ̀. Mo rí pákó afárá wa lábẹ́ òkìtì iyẹ̀pẹ̀, ó ti ṣẹ́ sí mẹ́ta. Òkúta kan tí a fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dojú dé sílẹ̀. Mo yí i padà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ló fi ọ̀dà funfun kọ “RỌRA” sí i lára, torí pé ibẹ̀ gan-an ló ti ṣubú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá wa gùn ún, kò sì fẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Mo gbé òkúta náà wálé. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní kí n kọ̀wé, mo kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ẹ̀dà tèmi, èsì ò tíì wá. Òṣìṣẹ́ kan ló ṣàánú mi, tó sọ fún mi lórí ìdúró pé wọ́n ní a ò gbàṣẹ, pé ọmọ kan ti dá lápá níbẹ̀, àti pé ọ̀nà wa máa jẹ́ kí àgbàrá wọ́ òkè náà lọ.

Òótọ́ ni, a ò gbàṣẹ. Ọ̀nà oko àwọn bàbá wa ni, kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé ó gba ìwé. Mo gbà pé a jẹ̀bi níbẹ̀. Kódà, ìyá àgbà kan tó ń dáko ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀ òkè náà ti fi ẹjọ́ wa sùn wá rí, pé méjì nínú àwọn ọmọ wa gun kẹ̀kẹ́ la orí ebè òun kọjá. A lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá, a tún ebè náà kọ, a sì yí ọ̀nà kúrò létí oko wọn. Ọmọ Òṣogbo wo ni kò mọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ ìlú yìí dó? Igi tí wọ́n gé láì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ló wó sínú odò, tó fọ́ ìkòkò aró Òṣun. Òṣun ké mọ́ wọn, ó bá wọn wí, ṣùgbọ́n ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì jọ mulẹ̀. Bí wọ́n bá pè wá kí wọ́n bá wa wí bẹ́ẹ̀, àá dáhùn.

Ọmọ tó dá lápá, ọmọ mi ni. Bíréèkì iwájú nìkan ló fún níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ sì ta á nù. Èmi ni mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Apá rẹ̀ ti jinná, ó sì ti padà sórí kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá dé akoto, tí n kò sì tíì yẹ bíréèkì rẹ̀ wò, kì í bá wa gòkè. Mo bẹ̀rù fún un lórí òkè, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń sọdá ní oríta Ọ̀láìyá láàárín ọ̀kadà àti dánfó ni àyà mi máa ń já jù.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá ló wá dùn mí wọra, torí òun gan-an la fi gbogbo ọgbọ́n wa sá fún. Omi ò mọ̀ ju ọ̀nà tó yá jù lọ. Bí ẹ bá la ọ̀nà láti orí òkè wá sísàlẹ̀ ní tààrà, gọ́tà lẹ gbẹ́ fún un, yóò sì máa gbẹ́ ẹ lọ ní gbogbo òjò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tiwa fi ń gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni fi ìgbànú di ikùn. Ìlànà kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ orí òkè tó ń jẹ́ IMBA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1988, ti fi kọ́ aráyé: gígasókè ọ̀nà ò gbọdọ̀ ju ìdajì ti òkè fúnra rẹ̀. Bí òkè bá fi ẹsẹ̀ bàtà 20 ga nínú ìrìn ẹsẹ̀ bàtà 100, ọ̀nà ò gbọdọ̀ ju 10 lọ. Ojú ọ̀nà á rọra dà gẹ̀rẹ́ sí apá ìsàlẹ̀ kí omi lè yà kúrò lórí rẹ̀, ọ̀nà á sì tún gbé orí sókè díẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún kí omi má baà rí ibi kó ara jọ. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Fún ọdún méjì, òjò rọ̀ lé e, kò wọ́.

Katakata ló wá gba tààrà. Koríko tó di ilẹ̀ mú, ó hó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóṣù kẹrin, mo lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kòtò kan ti là sí àárín ibi tí katakata gbà, mo wọ inú rẹ̀, ó dé orúnkún mi. Ẹrẹ̀ pupa ti ṣàn bo oko ìyá àgbà. Mo bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀ kúrò lórí ẹ̀gẹ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀yin náà lẹ tún ṣe èyí?” Ẹnu mi wúwo. Òjò kan ṣoṣo ló ṣe ìyẹn, ìgbà òjò gan-an ò sì tíì dé.

Irú ìjà báyìí ti wáyé níbòmíràn. Ní Marin ní California, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí láwọn ọdún 1970 ní àgbègbè òkè Tamalpais, àwọn aláṣẹ lé oníkẹ̀kẹ́ kúrò lórí ọ̀nà tóóró, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń wọn eré sísá ti ojú ọ̀nà, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fà á. Ní North Vancouver ní Kánádà, wọ́n wó àwọn afárá pákó tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ kàn sínú igbó, ṣùgbọ́n àwọn oníkẹ̀kẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1997, lónìí àwọn àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn ló jọ ń tọ́jú ọ̀nà. Ẹni tó bá sì rò pé eré ọmọdé ni, kó rántí Atlanta 1996. Òlíḿpíìkì tí Chioma Ajunwa ti gba wúrà fún Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ wa sì gba wúrà bọ́ọ̀lù, òun náà ni gígun kẹ̀kẹ́ orí òkè kọ́kọ́ wọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ìjọba ìbílẹ̀ ló gbé ìtọ́jú ojú ọ̀nà, ọgbà ìgbafẹ́ àti gbalasa lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn la bá wọn ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì dà á pọ̀ mọ́ igbó Òṣun. Hẹ́kítà 75 tí UNESCO fi sínú àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005 yẹn, táyà wa ò kàn án rí, kò sì ní kàn án láéláé. A mọ ibi tí a kì í dé. Ìwọ́pópó la fi ń ṣí ọdún Òṣun níbí, à ń tún ojú ọ̀nà ṣe ká tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ìdí nìyẹn tó fi ń ká mi lára kí wọ́n pa ọ̀nà rẹ́ láì bèèrè ẹni tó ń gbà á.

Apá ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa ṣì kù, bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Mo gbọ́ pé wọ́n ń padà bọ̀ wá parí rẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀ wa, ẹ dá katakata yẹn dúró. Ẹ pe àwa oníkẹ̀kẹ́, ẹ pe baálẹ̀, ẹ pe àwọn àgbẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ òkè, kí ẹnjiníà yín sì bá wa fi ẹsẹ̀ rin òkè náà láti òkè délẹ̀. Ibi tó bá ní kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ gbà, àwa fúnra wa la máa dí i. Bó bá gba ìwé àṣẹ, ẹ sọ iye tó jẹ́, àá dá a.

Kòtò yẹn nìkan ni kò lè dúró de ìpàdé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, a máa lọ kó òkúta dí i, kí omi lè yà kúrò lórí oko màmá kí òjò ńlá tó dé. Aago méje àárọ̀ la máa wà níbẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ rán ẹnìkan wá, ọkọ́ tó máa lò wà lọ́dọ̀ wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan,
Òṣogbo.