Ìgèrè akàn tí a fọwọ́ ara wa ṣe: ẹ má fi zip tie (okùn oníke) dè é o

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n jókòó ti kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹnì kan kọ láti Houston níbí pé ìjọba Texas ń fi akàn fìyà jẹ àwa èèyàn dúdú, pé ẹ̀gbọ́n òun kan ra wáyà, ó ṣe ìgèrè fúnra ẹ̀, ó lọ dẹ ẹ́ sí etí òkun ní Galveston, ni game warden, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ òfin ẹja àti ẹran igbó, bá dé, ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó sì kó ìgèrè lọ. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn wá fi kún un pé àfi kéèyàn yáa ra ti ṣọ́ọ̀bù, pé wọn ò fẹ́ kí tálákà fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Mo bá ẹ̀gbọ́n yẹn kẹ́dùn o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ìgèrè wáyà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mo ń lò níbí, akàn ò sì wọ́n mi nínú ọbẹ̀.

Òfin Texas ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ta ló ṣe ìgèrè. Ohun tó wà lára ìgèrè ni wọ́n ń wò. Ẹ gbọ́dọ̀ ní láìsẹ́ǹsì ìpẹja tó gba omi iyọ̀ mọ́ ọn, ìgèrè 6 lẹnì kan lè dẹ tí kì í bá ṣe ti òwò, èyí tó tóbi jù lọ ò sì gbọdọ̀ kọjá cubic feet 18, ìyẹn tí ẹ bá sọ gígùn, ìbú àti gíga ẹ̀ di púpọ̀ mọ́ra. Ìyẹn ò lè dí yín lọ́wọ́, torí ẹni tó bá ṣe tiẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 gígùn, 2 ìbú, 2 gíga, 8 péré ló jẹ́, ta ló sì fẹ́ kó èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn Corolla. Wáyà onírọ́bà tí wọ́n ń tà ní yípo yípo ni mo máa ń rà, èyí tí omi iyọ̀ ò ní tètè jẹ, mo gé e, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi òrùka irin pọ̀ ọ́ mọ́ra, mo ṣe ẹnu bí àrọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí akàn lè wọlé kó má rọ́nà jáde, mo ṣe àpò kékeré sáàárín fún ọrùn adìẹ tí mo fi ń tàn wọ́n. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni fún ẹni tó bá mọ pílíásì í lò.

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti kọ́kọ́ máa ń kọsẹ̀ ni nǹkan tó ń léfòó lókè omi, tó ń fi ibi tí ìgèrè wà hàn. Nílé, gálọ́ọ̀nù kékeré tàbí ike Coke la máa ń so mọ́ okùn, ó parí. Ní Texas ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò, ìgò oníke kan ò sí tí wọ́n gbà lára ìgèrè akàn, àwọ̀ yòówù kó ní, bó ti wù kó kéré tó. Buoy funfun ni wọ́n fẹ́, ó kéré tán kó jẹ́ ínṣì 6 gíga, 6 gígùn, 6 ìbú, kí ẹ wá fi ọ̀dà aláwọ̀ míì fa ìlà tó fẹ̀ tó ínṣì 2 sí àárín ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ìgèrè ẹni tó ń wá ọbẹ̀ ni, kì í ṣe ti oníṣòwò. Ẹ tún máa so táàgì mọ́ ọn tí orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì yín wà lára ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ dẹ ìgèrè sómi, ọjọ́ 10 sì ni táàgì yẹn ń lò, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ẹ kọ òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bírò kọ ọ́, omi á fọ̀ ọ́ nù, game warden á wá rí bébà funfun lásán, ẹ ò sì ní rí àlàyé ṣe.

Ihò àbájáde náà wà ńbẹ̀, ìyẹn òrùka tí wọ́n ń tà tí inú ẹ̀ fẹ̀ ju ínṣì 2 lọ díẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ ògiri ìgèrè kí àwọn ọmọ akàn lè bá tiwọn lọ. Ẹ wo iye tó yẹ kó wà lára ẹ̀ nínú ìwé òfin ọdún tí ẹ bá wà, torí wọ́n máa ń yí i padà. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ fi òrùka yẹn sí i ń dá ara ẹ̀ lágara ni, torí akàn tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò bá tó ínṣì 5 láti ṣóńṣó ẹ̀gún ọ̀tún dé ṣóńṣó ẹ̀gún òsì, ẹ ò lè kó o lọ sílé láti jẹ, ẹ̀yin náà lẹ ṣì máa jókòó máa jù wọ́n sómi lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n á sì máa gé yín níka. Abo tó bá gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, bó ti wù kó tóbi tó, ẹ dá a padà kíá.

Ọ̀gá Olóòtú, gbogbo ìyẹn lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní etí omi. Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé ni okùn, torí òun gan-an ni wọn kì í bìkítà fún. Òfin ní dandan kí ibì kan wà lára ìgèrè tó máa jẹrà fúnra ẹ̀. Ẹ lè ṣe é ní ọ̀nà bíi mélòó kan, tèmi ni pé mo máa ń gé ojú fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe ìsàlẹ̀ o, ínṣì 3 ní ìbú, ínṣì 6 ní gígùn, ó kéré tán, mo á wá fi abala wáyà bò ó, mo á sì fi okùn jute kan ṣoṣo rán an, okùn bíi ti àpò kókó, èyí tí wọn ò rẹ sínú oògùn kankan, tí kò sì nípọn ju 3/16 ínṣì lọ. Kókó méjì péré ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan níparí, okùn ò sì gbọdọ̀ yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́ irin wáyà kan. Ẹni tí ò bá fẹ́ gé fèrèsé lè fi okùn yìí kan náà so ìkọ́ ìdérí, kó jẹ́ pé bí okùn bá ti já, ìdérí ò lè pa dé mọ́.

Àwọn èèyàn wa á ní okùn yẹn kì í pẹ́, kí lèèyàn á máa pààrọ̀ okùn sí, ni wọ́n á bá mú zip tie tàbí ọ̀rá ìpẹja, wọ́n á fi dè é gírígírí. Tó bá jẹ́ pé ìgèrè yẹn ò ní sọnù láéláé, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ìjì a máa jà ní Gulf, òkun ẹ̀gbẹ́ Texas níbí, ọkọ̀ a máa fi ẹ̀rọ gé okùn buoy, ìgèrè á wá wà nísàlẹ̀ omi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Akàn tó wà nínú ẹ̀ á kú, òkú ẹ̀ á di ohun tó ń tan òmíràn wọlé, ìyẹn náà á kú, òmíràn á tún wá torí tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ lá máa lọ lọ́dọọdún títí wáyà fi máa dípẹtà tán, wáyà onírọ́bà yẹn kì í sì í tètè dípẹtà. Ìjàpá omi kékeré kan wà ní etí òkun Texas tí wọ́n ń pè ní terrapin, òun náà máa ń kó sínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló sì fi ń mí, tí ò bá ti rí ọ̀nà dé ojú omi á kú ni. Okùn àpò kókó yẹn tó bá ti jẹrà, fèrèsé á ṣí, gbogbo wọn á jáde. Kò sí nǹkan míì tí àwọn tó ṣe òfin ní lọ́kàn.

Ẹ má rò pé mo ń sọ àsọdùn. Oṣù kejì ọdọọdún ni wọ́n máa ń ti odò fún ìgèrè akàn ní Texas fún ọjọ́ 10, èyíkéyìí tí wọ́n bá bá nínú omi nígbà yẹn, ìdọ̀tí ni wọ́n kà á sí, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni á gbé ọkọ̀ ojú omi wọn jáde, wọ́n á máa fà wọ́n sókè. Láti ọdún 2002 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní 40,000 ìgèrè tí wọ́n ti kó kúrò. Mo bá wọn lọ rí, òórùn tó wà lára àwọn ìgèrè yẹn ò ṣeé sọ, ẹ̀ ń rí èèpo akàn òfìfo lórí èèpo akàn òfìfo, ẹ sì máa rí zip tie dúdú tó ṣì dì mọ́ ìdérí bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ìyẹn bí mi nínú ju tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni lọ.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwa la ṣe é tẹ́lẹ̀, a ò kàn mọ̀ pé à ń ṣe é ni. Ìgèrè tí àwọn baba wa ń hun lẹ́bàá omi, ọparun àti ìko àti imọ̀ ọ̀pẹ ni. Tó bá sọnù sínú ọ̀sà, omi á rà á, ẹja á jáde, ẹrẹ̀ á gba ìyókù. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú igbó ni wọ́n ń lò. Àwa tá a wá rí wáyà àti ọ̀rá rà lọ́jà la nílò kí òfin máa bá wa so okùn tó ń jẹrà mọ́ ọn. Akàn ọ̀sà Èkó sì rèé, mọ̀lẹ́bí akàn Galveston ni, Callinectes làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àwọn méjèèjì, tiwa ni amnicola, tiwọn ni sapidus, bí ẹ bá kó wọn sínú abọ́ kan ṣoṣo ẹ máa rí i pé ẹgbẹ́ ara wọn ni. Ikú tó ń pa wọn nínú ìgèrè tó sọnù níbí, òun náà ló máa pa wọn ní Ẹ̀pẹ́ àti Badagry tá a bá ti ń fi wáyà àti àwọ̀n ọ̀rá rọ́pò ìko.

Ẹni tó kọ lẹ́tà ọjọ́sí náà jàre níbì kan ṣá o. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lè bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 25 kó tó dọ́là 500, owó kóòtù ò sí nínú ẹ̀, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ò lè gbàgbé ìyẹn bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwé òfin yẹn gùn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ò lè mọ̀ pé òfin wà fún àkókò tí wọ́n ń fa ìgèrè sókè pàápàá: tí oòrùn bá ti wọ̀ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ. Èèyàn wa sì fẹ́ràn láti lọ lóru torí pé omi tutù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwa náà ká yáa fojú ṣọ́ aago. Àmọ́ pé wọ́n ń dọdẹ dúdú, mi ò rí i bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó tó ń pẹja níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí wọn náà ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ariwo tí wọ́n sì ń pa ju tiwa lọ. Àwọn tó ń pa crawfish, ẹran omi tó jọ edé ńlá, ní Louisiana lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà ní òfin tiwọn lórí bí ojú wáyà ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ jọ̀ọ́ bá mi tẹ ìwọ̀n fèrèsé àti okùn yẹn jáde bí mo ṣe kọ ọ́, kí ẹ má gé e kúrú, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín ní àdúgbò Alief ní Houston níbí pọ̀, wọ́n sì ń ṣe ìgèrè. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn akọ̀ròyìn yín bá sì tún lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja pípa ní Èkó tàbí Oǹdó, kó bi wọ́n ṣé wọ́n máa lè ní kí àwọn tó ń fi wáyà ṣe ìgèrè fi okùn àpò kókó rán ojú kan lára ẹ̀. Okùn yẹn ò wọ́n, ó wà lọ́jà Ìgbókọ̀dá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìlàjẹ kan ní Houston, Texas