Ẹ Má Fọ Apásà Yèyé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ Okun tó wà nílé àti lẹ́yìn odi, okun o.

Mẹ́ta nínú yín wá bá mi nílé ní Kàbà, ní ilẹ̀ Okun tiwa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní olùkọ́ wọn fún wọn níṣẹ́: kí kálukú wá nǹkan kan tó jẹ́ ti bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ tó ti kú, kó ya fọ́tò rẹ̀, kí nǹkan náà sì dúró fún olóògbé. Wọ́n ti gbọ́ pé fọ́tò ni mo fi tọ́mọ kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Mo dá wọn lóhùn díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí kò wá náà lè rí i kà.

Iṣẹ́ yìí wù mí, kò sì ṣàjèjì sí wa. Ní Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí wa, láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó, ère tó jọ olóògbé, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú. Nígbà tí kámẹ́rà sì dé, ní ìlú bí Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, èyí tó kù ni oníyàwòrán máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, tí wọ́n á jókòó ti ara wọn bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò lọ. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni, ọmọ kan náà á wọ bùbá lẹ́ẹ̀kan, á wọ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀kan. Èmi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú yàrá òkùnkùn: wàá fi páálí bo ìdajì bébà, wàá tẹ ojú kan, wàá bo ìyẹn náà, wàá tẹ èkejì. Bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ìlà dúdú á là wọ́n láàárín.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tiyín. Ọmọkùnrin tó wà nínú àwọn mẹ́ta náà mú ìlẹ̀kẹ̀ oyè bàbá bàbá rẹ̀ wá, ó ti tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun. Ó dára lójú. Mo bi í pé ìgbà mélòó ni bàbá wọ̀ ọ́ tó rí. Ó ní lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n jẹ oyè. Mo ní, "Kí ni ọwọ́ bàbá ń kàn lójoojúmọ́?" Ó dákẹ́ títí. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná, màá padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e ló mú nǹkan gidi wá. Inú rọ́bà dúdú ló ti yọ ọ́: apásà ìyá ìyá rẹ̀, láti Ògìdì ní Ìjùmú. Bóyá àwọn kan nínú yín ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa kì í hunṣọ bíi tàwọn ọkùnrin tó ń na òwú jìnnà sílẹ̀ lójú títì, tí aṣọ wọn máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já. Òfì tiwọn máa ń dúró gbọnrangandan lẹ́bàá ògiri nínú ilé ni, aṣọ rẹ̀ sì máa ń fẹ̀. Apásà ni pátákó pẹlẹbẹ tó rí bí idà, tí wọ́n ń kì bọ àárín òwú láti là á, tí wọ́n á sì fi gbá òwú tó wọlé mọ́lẹ̀ kí aṣọ lè kì. Gbà, gbà, gbà: ẹni tó dàgbà sí agbo ilé tí wọ́n ti ń hunṣọ kò lè gbàgbé ìró rẹ̀. Nike Davies-Okundaye, aládìrẹ tí ayé ń wárí fún lónìí, Ògìdì yìí náà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1951, ọ̀dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ fojú rí iṣẹ́ òwú àti aró.

Mo gba apásà náà, mo gbé e sápá ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Etí rẹ̀ kan ti họ ní wínníwínní, ojú òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí eyín ìyarun tó ti jẹ tán. Ní ìkángun méjèèjì ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú, igi náà ti dúdú, ó ń dán, kò sì sẹ́ni tó kùn ún. Ọmọbìnrin yìí wá ní òun fẹ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà tóun bá délé, kóun fi adí pa á, kó lè yọ dáadáa nínú fọ́tò.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo lé e lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo mú ọkọ́ rẹ̀ tó há sára àjà, mo ní mo fẹ́ ya á fún ìrántí. Mo fi sáńpépà fá ìpẹtà irin rẹ̀ kúrò, mo fá ẹ̀rú rẹ̀ náà, mo fi fáníìṣì pa á. Mo ta aṣọ funfun sẹ́yìn, mo tan iná méjì sí i. Ẹ wo fọ́tò! Mo kọ́ ọ sójú páálọ̀. Nígbà tí ìyá mi wọlé, wọ́n wò ó, wọ́n bi mí pé, "Ọkọ́ ta nìyí?" Mo rò pé ojú ló ń dùn wọ́n. Àṣé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi, ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti gbẹ́ sínú ẹ̀rú yàtọ̀ sí ti gbogbo ọkọ́ yòókù nínú ilé, ibẹ̀ ni màmá fi ń dá a mọ̀. Èmi ni mo fá a dànù. N ò rí i dá padà títí di òní.

Nítorí náà, ìdọ̀tí yẹn gan-an ni kí ẹ yà. Ẹ pa fíláàṣì. Fíláàṣì máa ń dà sí nǹkan lójú ni, òjìji ibi tó jìn á sá lọ, ibi tó sì jìn ni ọwọ́ olóògbé wà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò láàárọ̀ tàbí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀gbẹ́ gbá a. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà fóònù, òróró ìka pọ̀ níbẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi ìka tẹ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó hàn, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Aṣọ funfun yẹn ńkọ́? Ẹ ká a. Ilẹ̀ tí Yèyé máa ń jókòó sí ni kí apásà wà.

Kẹ́ ẹ tó yà á pàápàá, ẹ lọ bá ẹni tó bá a hunṣọ, bó bá ṣì wà láyé, ẹ gbé apásà náà lé e lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ á ṣe ohun tí ẹnu kò ní rántí sọ.

Ẹ tún máa gba àṣẹ o. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ni tọmọdé. Ní Bùnú, nílẹ̀ Okun wa níbí náà, aṣọ ipò pupa, tí wọ́n ń fi òwú tí wọ́n tú lára aṣọ òyìnbó hun, wọ́n máa ń tẹ́ ẹ níbi ìsìnkú olóyè, àwọn eégún kan náà sì ń lò ó. Bẹ́ ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú ẹrù bàbá àgbà, ẹ pe olórí ẹbí kẹ́ ẹ tó yọ fóònù.

Ọmọkùnrin onílẹ̀kẹ̀ yẹn ńkọ́? Alẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ló pè mí. Ó ní òun ti rántí ohun tí ọwọ́ bàbá ń kàn lójoojúmọ́: rédíò ni. Ọmọrí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọnù tipẹ́, bàbá fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ so ó kí bátìrì má bàa já bọ́. Bí bátìrì bá sì ti rẹ̀, wọ́n á tò ó sójú wíńdò kí oòrùn pa á, wọ́n á tún un kì padà. Mo ní rédíò náà dà? Ó ní ẹnì kan ti gbé e lọ. Bátìrì ńkọ́? Ó lọ wò ó, ó padà wá sórí fóònù, ó ní mẹ́ta ṣì wà lójú wíńdò, wọ́n ti rú funfun lẹ́nu.

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Aago mélòó ni oòrùn ń dé ibẹ̀ láàárọ̀?