Àkànní, Ìdí Tí N Kò Fi Gbé Fóònù Rẹ

Ayétòrò,
Òṣogbo.
Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo pè mí ní Sátidé, n kò gbé e, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbò Màmá lo fẹ́ bá mi sọ. Má bínú. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mò ń bá tọ́jú sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò wọn ṣiṣẹ́) ni wàhálà dé bá, èmi gan-an ni mo sì fọwọ́ ara mi fà á. Jẹ́ kí n rò ó fún ẹ, torí ìyàwó mi ti sùn lọ nígbà tí mo rò ó fún un.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. O mọ bó ṣe máa ń rí nílùú yìí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló fẹ́ yá owó àgbò lọ́jọ́ kan náà. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, tí mo ti mọ̀ pé èrò á pọ̀ lọ́jọ́ kejì, ni ọgbọ́n àgbọ́njù gbé mi. Dráífà psycopg2-binary, ọ̀gbufọ̀ tí wọ́n ti kọ́mpáìlì sílẹ̀, ni ètò ẹ̀yáwó wọn fi ń bá PostgreSQL, ibi tí àkọsílẹ̀ wọn wà, sọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn pé níbi iṣẹ́ gidi, kí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ́mpáìlì psycopg2, ìyẹn kó sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ tirẹ̀ lè lò. Mo ní ó tó àkókò tí n máa ṣe nǹkan bó ṣe yẹ. Mo pa environment Python àtijọ́ (fódà tí ètò náà ti ń rí àwọn ohun èlò rẹ̀) rẹ́, torí àyè ti ń tán lórí díìsìkì, mo dá tuntun, pip, tó ń fi ohun èlò Python sí ẹ̀rọ, sì fi libpq-dev tó wà lórí Ubuntu 22.04 wa kọ́mpáìlì psycopg2. Libpq ni láíbírì PostgreSQL tí psycopg2 gbára lé. Mo dán an wò, kò ráhùn. Mo lọ sùn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀, akọ̀wé wọn pè mí: “Bọ̀dá, ètò yìí ò ṣí o.” Kí n tó dé ọ́fíìsì ní Òkè-Fìà, èrò ti kún àgbàlá. Bàbá àgbà kan na ọ̀pá sí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní: “Lọ́jọ́ tí a bá ń sanwó wọlé, ara ẹ̀ máa ń yá.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí journalctl, tó ń fi àkọsílẹ̀ sáfà hàn, ń pariwo ni “undefined symbol: PQencryptPasswordConn”, ìyẹn ni pé ó wá ohun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú láíbírì, kò rí i. Mo rò pé pip ló kọ́mpáìlì nǹkan kù díẹ̀ káàtó, ni mo bá yọ ọ́, mo tún un fi sí, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ibi tó wá ń dùn mí ni pé bí èmi bá jókòó sídìí tẹ́mínà tí mo sọ fún Python pé kó gbé psycopg2, á gbé e láìsọ̀rọ̀. Mo fi sudo ṣe bí ẹni pé èmi ni yúsà tí ètò náà ń lò, ó tún gbé e. Mo fi ldd tí ìwọ kọ́ mi, tó ń fi láíbírì tí nǹkan máa gbé hàn, yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń tọ́ka sí libpq.so.5 ti Ubuntu, èyí tó bá PostgreSQL 14 wá. Kò sí àbàwọ́n. Àmọ́ kí systemd, tó ń tan ètò náà lórí sáfà, ṣáà ti gbà á lọ́wọ́ mi, á kọ̀ jálẹ̀. Àfi bí ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, tí kì í gba òkèlè lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló dá mi nídè. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dá binary yẹn padà.” Orí kunkun mi ò kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tó di aago kan ọ̀sán, ojú tì mí, mo gbà. Ètò ṣí lójú ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn gba owó wọn, wọ́n ń lọ. Àwọn kan tiẹ̀ gbàdúrà fún mi.

Ó yẹ kí n sinmi, àbí? N kò lè sinmi. Bí nǹkan bá bàjẹ́ tí n kò mọ ìdí, tó tún sàn tí n kò mọ ìdí, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí ju ìgbà tó ṣì bàjẹ́ lọ. Mo padà sílé, mo gbé fóònù sí yàrá kejì (ibẹ̀ lo ti ń pè), mo da sáfà náà kọ sórí ẹ̀rọ mìíràn kí n má baà tún dá nǹkan sílẹ̀, mo sì fi LD_DEBUG=libs sínú fáìlì service (ibi tí systemd ti ń ka bí á ṣe tan ètò náà), kí ó lè sọ fún mi ibi tó ti ń gbé ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ rọ̀jò bí omi. Láàárín rẹ̀ ni mo ti rí i: libpq.so.5, inú fódà kan lábẹ́ /opt ló ti wá!

Mo ti ka fáìlì service yẹn láàárọ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ohun tí n kò ṣe ni “systemctl cat”, tó ń fi fáìlì náà àti àfikún rẹ̀ hàn. Mo ṣe é, àṣé override.conf kan fara pamọ́ sínú fódà .service.d, lábẹ́ [Service], ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: LD_LIBRARY_PATH. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí n tó dé ló fi í síbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ìròyìn àtijọ́ kan (èyí tó ń kọ ìròyìn jáde) tí ètò náà máa ń pè lóṣooṣù, tó gbé libpq ti PostgreSQL 9.6 tirẹ̀ dání.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ sí Ọjà Ọba kí o pariwo “Ìyá Ìbejì!”, wo iye obìnrin tí á yíjú. Láti ọdún gbọ́ọrọ́ ni fáìlì yẹn ti ń jẹ́ libpq.so.5, ti 9.6 ń jẹ́ ẹ, ti 14 náà ń jẹ́ ẹ. Linux ò bèèrè pé Ìyá Ìbejì ti ilé wo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ń mú, ibi tí LD_LIBRARY_PATH bá sì tọ́ka sí ló kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ti sáfà fúnra rẹ̀. PQencryptPasswordConn sì rèé, ìgbà tí PostgreSQL 10 dé ní 2017, pẹ̀lú SCRAM, ọ̀nà tuntun tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ti 9.6 ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Binary ní tirẹ̀ ń gbé libpq tirẹ̀ sápò, ó sì ti fún un ní orúkọ mìíràn tí kò jọ ti ẹnì kankan, ìdí nìyẹn tí ìjà náà fi sùn látọjọ́ yìí. Èmi ni mo lọ jí i.

Mo yọ ìlà náà, mo gbé e sínú ìwé àṣẹ kékeré (script) kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìròyìn yẹn nìkan ló ń lò ó. Mo gbàgbé daemon-reload, tó ń sọ fún systemd pé kó tún fáìlì rẹ̀ kà, ó tún kọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí n tó rántí. Lẹ́yìn náà mo ní kí psycopg2 sọ libpq tó ń lò lábẹ́ systemd, ó fún mi ní nọ́ńbà tó fi 14 bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta òru ti lù. N kò bá ẹni tó fi ìlà yẹn síbẹ̀ jà, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe, àmọ́ ìbá kọ gbólóhùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi kọ tèmi, ní Yorùbá, pẹ̀lú déètì.

Títí Iléyá á fi kọjá, binary náà la ṣì máa lò. Kí ni ẹ̀yin ń lò níbi iṣẹ́ yín ní Kánádà?

Ọ̀rọ̀ àgbò: owó tí o fi ránṣẹ́ ti wọlé. Mo ra á láàárọ̀ yìí, mo sì ti fà á dé ọ̀dọ̀ Màmá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ń kí ẹ, wọ́n ṣàdúrà fún ẹ títí. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń mu omi lọ́wọ́ nígbà tí àgbò náà já okùn, ó sì ti jẹ ìdajì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé ìwọ lo máa san owó ẹ̀fọ́.

Èmi ni,
Àjàní