Bùnmi, àkàrà àti búrẹ́dì ni mo jẹ ní Palermo

Bùnmi mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Dámi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ti máa bí ẹ torí pé mi ò gbé fóònù ẹ ní Sátidé, má bínú jàre, mi ò sí ní London, mo gba lííf ọjọ́ mẹ́fà ni mo bá wá sí Palermo, ìlú etí òkun kan ní Sicily, nísàlẹ̀ Ítálì lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ ń ro mí gan-an báyìí àmọ́ mi ò lè sùn láì kọ̀wé sí ẹ, torí gbogbo kọ̀rọ̀ tí mo bá yà sí, ìwọ ni mò ń rántí.

Ballarò ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà ni o. Kó o tó rí i lo ti máa gbọ́ ọ, àwọn tó ń ta ẹja àti tòmátì níbẹ̀ ń polówó bí ẹni ń kọrin, eléyìí á gbé e, tòdìkejì á gbà á lẹ́nu ẹ̀, abbanniata ni wọ́n ń pè é. Mo dúró lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja kan tó gbé orí ẹja ńlá kan kalẹ̀, ẹnu ẹja yẹn gùn bí idà ó sì nà sókè gbọnrangandan, bàbá yẹn ń fa ohùn, èmi ò gbọ́ nǹkan tó ń sọ, ohùn màmá ẹ ni mò ń gbọ́ tí wọ́n bá ru àgbàdo jáde lálẹ́, "láńgbé jinná o!", táwa méjèèjì á máa sáré tẹ̀ lé wọn títí dé Mápó.

Ibẹ̀ náà ni mo ti jẹ kiní kan tó ń jẹ́ panelle. Ẹ̀wà roboto kan tí wọ́n ń pè ní ceci ni wọ́n máa ń lọ̀ kúnná, wọ́n á rò ó lórí iná bí ẹní ro àmàlà títí á fi ki, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó tutù, wọ́n á wá gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó di inú òróró gbígbóná, ó di inú búrẹ́dì. Àkàrà àti búrẹ́dì ni, Bùnmi! Bàbá tó dín in fún mi fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i lórí, ó wá ń wo ẹnu mi, nígbà tó rí i pé ó dùn mọ́ mi, ó fi ẹyọ kan ṣe ènì. Ènì o, ní Sicily!

Àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀dó ló pọ̀ jù nínú wọn. Obìnrin kan tó ń ta gàrí ló fi pijin júwe ọ̀nà fún mi, ó ní kí n gbàgbé máàpù inú fóònù, kí n ṣáà máa tẹ̀ lé ibi tí òkúta ilẹ̀ bá ti ń dán, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti pọ̀ jù látijọ́. Òótọ́ ló sọ. Báyẹn ni mo ṣe dé Via Calderai, àdúgbò àwọn tó ń fi bàbà rọ ìkòkò, bí agboolé alágbẹ̀dẹ tiwa gẹ́lẹ́. Àkọlé ojú títì ibẹ̀, èdè mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ọ́, ti Ítálì, ti Hébérù àti ti Lárúbáwá. Àwọn Júù ló ni àdúgbò yẹn tẹ́lẹ̀, àṣẹ ọba Spéènì ní 1492 ló lé wọn jáde kúrò ní Sicily. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, ó dùn mí.

Ibi tí mo fẹ́ bá ẹ sọ gan-an ni kàtídírà. Àwọn Lárúbáwá gba ìlú yìí ní 831, àwọn Norman, àwọn Kristẹni ajagun tó wá láti àríwá Faransé, gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1072, ibi tí mọ́ṣáláṣí wà ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí, síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí gúúsù, òpó òkúta kan wà tí wọ́n fín Kùránì sí lára, wọn ò sì họ ọ́ kúrò títí dòní. Tó o bá fẹ́ wọlé lọ gbàdúrà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lo máa gbà. Ilé yín ló wá sí mi lọ́kàn, Àlàájì lórí ẹní wọn, màmá lórí bẹ́ǹṣì Áńgílíkà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wó ilé bàbá àgbà yẹn, Bùnmi, mo bẹ̀ yín. Má rò pé kìkì ìtọ́jú ni wọ́n mọ̀ níbí o. Bọ́ǹbù Ogun Àgbáyé Kejì ní 1943 ba ilé jẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àmọ́ kì í ṣe bọ́ǹbù ló wó Villa Deliella, ilé arẹwà kan tí Ernesto Basile ya àwòrán ẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wó o ní 1959 kí wọ́n lè rí ilẹ̀ lò, ilẹ̀ yẹn wá di ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Mo lọ wò ó. Mọ́tò ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Sọ fún àwọn bùọ̀dá ẹ pé tí wọn ò bá tiẹ̀ lè dá gbogbo ẹ̀ sí, kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn ọlọ́nà yẹn àtàwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó gbé katapílà dé, èmi náà á dáwó, iye tí mo bá ní.

Ìdí igi kan ní Piazza Marina ni mo wà báyìí, ọ̀kan nínú ìdílé ọdán ni, Ọsirélíà nirú ẹ̀ ti wá. Gbòǹgbò ń já bọ́ látorí ẹ̀ka, tó bá kanlẹ̀ á di ẹsẹ̀ mìíràn, igi kan ṣoṣo tó dà bí igbó. Àwọn ọmọdé ń sápamọ́ sáàárín ẹ̀, òórùn òkun ń fẹ́ bọ̀.

Bá mi kí màmá gan-an. Ní kí wọ́n jọ̀ọ́ polówó láńgbé yẹn sínú fóònù ẹ kó o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí wọ́n fà á dáadáa bíi ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má dójú tì mí.

Èmi ni tìẹ,
Tọ́pẹ́