Ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lọ́rùn ará abúlé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní Guimiliau, abúlé kan ní agbègbè Bretagne nílẹ̀ Faransé, ère òkúta tó lé ní igba ni wọ́n gbẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọdún 1581 sí 1588 láti fi sọ ìtàn Jésù. Èyí tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni ti Katell Gollet, ọmọbìnrin tí àwọn ẹ̀mí èṣù ń wọ́ lọ sí ọ̀run àpáàdì. Kì í ṣe ọba ló náwó àwọn ère náà. Òwò aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n ń hun lágbègbè náà, tí wọ́n sì ń tà sókè òkun, ni owó ti wá.

Láti ìgbà tí òfin ọdún 1905 ti ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọrùn àwọn ará abúlé, títí kan àwọn tí kì í lọ sí ìsìn, ni ẹrù àtúnṣe ń já lé. Tẹ́tẹ́ lọ́tìrì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018 nítorí ohun àjogúnbá ń ṣèrànwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ fi kún owó tirẹ̀ kí òrùlé tó jò.

Èmi ni òǹkàwé yín.